Rímù àlọ́yì àtijọ́ fún Volkswagen Ìjàpá: ẹ dè é wò ná kí ẹ tó kùn ún

Ọ̀pọ̀ rímù àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe tán tí kò sì ṣeé lò, ọ̀dà kọ́ ló kó bá a. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti kùn ún, ó ń kọ mànà, ìgbà tí wọ́n gbé e dé ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ihò rẹ̀ kò bá ti dúróòmù (ilé bíréèkì tí a ń de rímù mọ́) mu, tàbí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń ha irin ìdarí. Owó ọ̀dà ti wọgbó nìyẹn. Ètò tó dára ni pé kí ẹ wọn rímù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó là, kí ẹ dè é mọ́ ọkọ̀ láìsí táyà, kí ẹ tó fọwọ́ kan sánpépà rárá.

Ìjàpá la fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì wà nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa. Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó jọ ní Èkó ní 1975. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbí kan ọkọ̀ mìíràn náà; ìwọ̀n nìkan ló máa yàtọ̀.

Ihò, àti ohun tí wọ́n fi ṣe rímù

Ẹ ka ihò ara dúróòmù yín kí ẹ tó náwó. Ìjàpá ìgbà àkọ́kọ́ ní ihò márùn-ún tí wọ́n jìnnà síra, lórí òbíríkítí tó fẹ̀ ní 205 mm. Láti modẹ́ẹ̀lì 1968 ni ihò mẹ́rin lórí òbíríkítí 130 mm ti gbòde. Ẹ má fi ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí, torí dúróòmù jẹ́ ohun tí mẹkáníìkì máa ń pààrọ̀. Ọkọ̀ kan lè ní ihò mẹ́rin níwájú kó ní márùn-ún lẹ́yìn.

Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó dojú kọ ọ́. 130 mm ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ márùn-ún, kò sí ihò méjì tó dojú kọra gan-an, nítorí náà ẹ wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi 1.701 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ẹ bá rí 120.5 mm, 205 nìyẹn. Tí ẹ bá rí 76.4 mm, 130 ni, rímù Porsche sì lẹ mú dání. Òbíríkítí rẹ̀ àti ti Ìjàpá dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò márùn-ún kò lè wọ mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ dandan, kó wá dúróòmù tí wọ́n ti lu ihò Porsche sí. Ó sàn ju kí á ki irin ìfàgùn sáàárín dúróòmù àti rímù lọ, torí irin yẹn máa ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ jáde síta, bẹ́ẹ̀ ló sì tún fi bóòtù mìíràn kún ohun tó lè tú.

Lára àwọn rímù tí àwọn olólùfẹ́ Ìjàpá ń wá kiri, ti EMPI, ilé iṣẹ́ Joe Vittone ní Riverside, California, tó ní ọ̀pá mẹ́jọ, àlùmíníọ́mù ni. BRM tí Speedwell ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tà ní àwọn ọdún 1960, magnesium ni. Sprintstar tí Lemmerz ṣe ní Jámánì, irin ni. Fuchs tí Porsche kọ́kọ́ gbé sára 911S ní 1966, àlùmíníọ́mù tí wọ́n rọ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú máàdì. Bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀kan kọ́ la ṣe ń tọ́jú èkejì, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbé irin òòfà sún mọ́ ọn. Tó bá lẹ̀, irin ni. Tí kò bá lẹ̀, ẹ ha ibì kan tó fara sin lẹ́yìn rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi hàn, kí ẹ kán fínígà sí i. Magnesium á hó lójú ẹsẹ̀. Àlùmíníọ́mù á dákẹ́. Bó bá hó, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Èérún magnesium tó bá jáde nídìí sánpépà tàbí ẹ̀rọ ìlọrin lè gbiná, omi sì ni yóò jẹ́ kó burú sí i. Iyanrìn gbígbẹ la fi ń bo irú iná bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ magnesium nílé. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní ohun èlò rẹ̀.

Ó ku bí rímù ṣe jìn sínú tó. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ gbé rúlà irin tó gún sórí etí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wọn láti abẹ́ rúlà dé ojú tó máa ń lẹ̀ mọ́ dúróòmù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn fífẹ̀ rímù láti etí dé etí, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ohun tó kù ni wọ́n ń pè ní ET. Rímù tí wọ́n bá pè ní 5½ íńṣì máa ń tó 165 mm láti etí dé etí, torí etí méjèèjì ń fi nǹkan bíi 25 mm kún un. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 82.5. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jìn ní 107 mm, ET rẹ̀ jẹ́ 24.5.

Ẹ ṣe bákan náà fún rímù tó bá ọkọ̀ wá. Ká ní 4½ íńṣì ni, tí ET rẹ̀ sì jẹ́ 34. Rímù tuntun yìí fi íńṣì kan fẹ̀ jù ú, ìyẹn 12.7 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ET rẹ̀ sì fi 9.5 dín. Ó máa fi 22.2 mm yọ síta sí i lábẹ́ fẹ́ńdà, á sì fi 3.2 mm péré wọlé sí i. Ìṣirò yìí ló máa sọ fún yín ibi tí wàhálà á ti wá, kí ẹ tó gbé jáàkì.

Ibi tí bóòtù ti ń jókòó

Ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibikíbi lọ, torí ibí ni rímù ti ń bọ́ lójú ọ̀nà.

Bóòtù M14×1.5 ló ń dì rímù Ìjàpá oníhò mẹ́rin mú, láti ìta wọnú dúróòmù. Àlọ́yì nípọn ju irin pẹlẹbẹ lọ nídìí ihò, nítorí náà bóòtù tó bá ọkọ̀ wá sábà máa ń kúrú fún un. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí bóòtù wọlé, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí kó tó fún. Ìyíká kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.5 mm, ó sì yẹ kí ohun tó wọlé tó 14 mm, ó kéré tán. Ìyíká mẹ́wàá dára. Tó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló yí kó tó dúró, ẹ má lò ó, bó ti wù kó dà bíi pé ó fún tó. Èyí tó gùn jù náà léwu: ìkángun rẹ̀ á yọ sínú dúróòmù, á sì máa ha bàtà bíréèkì. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ká, kí ẹ tẹ́tí sí i.

Lẹ́yìn gígùn, ìrísí. Ìjókòó bóòtù pín sí mẹ́ta. Ọ̀kan ṣe ṣóńṣó, igun rẹ̀ jẹ́ 60°. Èkejì rí roboto. Ẹ̀kẹta ní ọrùn gbọọrọ tó wọ inú ihò, pẹ̀lú wọ́ṣà pẹlẹbẹ lórí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ní ẹsẹẹsẹ (ìlà tó wé mọ́ ara bóòtù) kan náà, kí wọ́n wọ inú dúróòmù kan náà, kí ojú má sì mọ ìyàtọ̀. Ẹ lọ ẹfun díẹ̀ pẹ̀lú omi, ẹ fi ra inú ìjókòó ihò rímù, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ ti bóòtù bọ̀ ọ́, ẹ yí i díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ fà á jáde. Bí ẹfun bá ti nù kúrò káàkiri ojú ìjókòó, wọ́n bára mu. Bó bá jẹ́ pé òrùka tín-ín-rín kan ló nù ní etí òkè tàbí nísàlẹ̀, ìrísí wọn yàtọ̀. Bóòtù ṣóńṣó nínú ìjókòó roboto á fún gírígírí lọ́jọ́ tí ẹ dè é, ṣùgbọ́n orí òrùka tín-ín-rín yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Àlùmíníọ́mù á rún níbẹ̀, bóòtù á dẹ̀, rímù á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ihò á wá fẹ̀ gbagada. Rímù tí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀ báyìí ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Fún ọlọ́rùn gbọọrọ, ẹ wọn ọrùn náà, kí ẹ wọn jíjìn ihò pẹ̀lú nínípọn wọ́ṣà. Ọrùn gbọ́dọ̀ fi milimítà kan tàbí méjì kúrú. Bó bá gùn jù, dúróòmù ló máa fún mọ́. Rímù kò ní fún mọ́ ohunkóhun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí bóòtù padà sí sítọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá onílà tó ń dúró sínú dúróòmù, kí wọ́n lè lo nọ́ọ̀tì. A fara mọ́ ọn. Ó rọrùn láti gbé rímù kọ́ orí rẹ̀, nọ́ọ̀tì tó bá rímù àtijọ́ mu sì pọ̀ ju bóòtù lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹẹsẹ inú dúróòmù mọ́ tónítóní kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù ìdè-bóòtù dè é wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Dídè é wò

Ẹ gbé rímù láìní táyà sí iwájú ọ̀tún, ẹ de bóòtù méjì, kí ẹ yí ìdarí lọ títí dópin ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ ìkángun irin ìdarí àti ara bíréèkì, ẹ yí rímù ká. Bí amọ̀ bá tín-ín-rín ju 5 mm lọ níbikíbi, àyè kò tó. Lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì àti páìpù bíréèkì.

Iwájú òsì ní tirẹ̀. Wáyà tó ń gbé ìró eré lọ sí míítà gba àárín ẹsẹ̀ iwájú òsì Ìjàpá kọjá, orí rẹ̀ sì yọ lójú ìdérí gíríìsì. Ìdérí àárín rímù yín gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Tí gbogbo èyí bá yege, ẹ fi táyà sí ẹyọ kan péré, kí ẹ wo fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Ìjàpá tó bá ní áàsù tó ń fì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ wò ó nígbà tó wà lórí jáàkì, kí ẹ tún wò ó nígbà tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó là

Ojú lásán kò tó. Ohun èlò tí wọ́n ń lò wà nínú agolo mẹ́ta: ìfọ̀, àwọ̀ pupa, àti àtíkè funfun. Ẹ fọ rímù kí gbogbo gíríìsì kúrò, ẹ fín àwọ̀ pupa sí ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, yíká ihò bóòtù, àti sí ibi tí táyà ń jókòó. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún kó rá wọlé. Ẹ fi àkísà tí ẹ da ìfọ̀ sí nù ún. Ẹ má da ìfọ̀ sórí rímù tààrà, yóò fọ àwọ̀ kúrò nínú ibi tó là. Ẹ wá fín funfun lé e. Ibi tó là á fa ìlà pupa sórí funfun.

Rímù àlọ́yì tó là kò ní àtúnṣe. Wẹ́dà lè jó o kó sì dán, ṣùgbọ́n iná náà ti mú agbára tí ilé iṣẹ́ fi ooru fún irin yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì máa là lẹ́ẹ̀kejì, bóyá nínú kòtò lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Ṣíṣí ọ̀dà àtijọ́, lílọ̀ àti kíkùn

Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ra oògùn ìṣíọ̀dà tó ki sára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí àkọlé agolo ṣe sọ, kí ẹ fi igi tàbí ike ha á. Irin á dá a lọ́gbẹ́. Kọ́sítíìkì sóódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń lò kò gbọ́dọ̀ kan àlùmíníọ́mù: ó ń jẹ ẹ́, ó ń sọ ọ́ di dúdú, gáàsì tó sì ń jáde níbẹ̀ lè gbiná. Fífi iyanrìn odò fẹ́ ẹ náà kò dára. Ó ń dá ojú rímù lu, ibi tí táyà ń jókòó á máa jo afẹ́fẹ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń lo ìlẹ̀kẹ̀ dígí kéékèèké, òun ni kí ẹ gbé e fún. Kóróòmù tó ń ṣí lára Sprintstar, ẹ má lọ̀ ọ́. Àwọn tó ń fi iná mànàmáná kun irin lè yọ ọ́ nínú omi oògùn wọn.

Fún rímù tí ẹ máa kùn, ẹ fi sánpépà nọ́ńbà 80 sí ibi tó jìn nìkan, ẹ wá lo 120, 180, 320. Pútì lè dí ọgbẹ́ kékeré lójú rímù. Kò gbọ́dọ̀ dé ìjókòó bóòtù, ojú tó lẹ̀ mọ́ dúróòmù, tàbí ibi tí táyà ń jókòó.

Fún èyí tí ẹ fẹ́ kó dán láìní ọ̀dà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 240, ẹ gba 400, 600, 800, 1000, 1500 dé 2000, pẹ̀lú omi ọṣẹ. Ẹ máa yí apá tí ẹ ń lọ̀ sí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà. Bí ìlà ti tẹ́lẹ̀ bá ṣì dábùú ti ìsinsìnyí, ẹ kò tíì ṣe tán. Láàárín 240 sí 400 ni ọwọ́ ti ń ro ènìyàn jù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fò. Gbogbo ìlà tí ẹ bá fò níbẹ̀ ni pọ́líìṣì máa gbé jáde lẹ́yìn.

Àlùmíníọ́mù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ti ń bò ó lójú láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ fi tínà àti àkísà funfun nù ún títí àkísà á fi mọ́, kí ẹ fín praímà epoxy lé e lọ́jọ́ kan náà: ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fín in dé inú kòtò rímù pẹ̀lú, torí àlọ́yì àtijọ́ tí wọ́n yọ́ dà máa ń ní ihò bíńtín tó ń jo afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà aláwọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti kílíà ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sọ kílíà di funfun bàìbàì. Ẹ lo tínà tó ń pẹ́ gbẹ, kí ẹ dúró kí oòrùn mú. Nígbà ọyẹ́, eruku lọ̀tá, ẹ wọ́n omi sílẹ̀. Oògùn ìmúgan inú kílíà olóògùn méjì máa ń ba èémí jẹ́ gan-an, ìbòmú aláṣọ kò sì dá a dúró. Ẹni tí kò bá ní ìbòmú tó yẹ, kó gbé rímù lọ sọ́dọ̀ afínkùn tó ní i.

Kí ẹ tó fín ohunkóhun, ẹ ti bóòtù àtijọ́ bọ gbogbo ihò, kí orí wọn bo ìjókòó. Ẹ lẹ bébà bo ojú tó lẹ̀ mọ́ dúróòmù. Ọ̀dà tó bá wà níbẹ̀ á tẹ̀, bóòtù á sì dẹ̀.

Èyí tó ní ọ̀pá mẹ́jọ máa ń dúdú lábẹ́, kó dán lójú. Ẹ má wulẹ̀ fi téèpù gé e. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wé sánpépà 400 mọ́ pátákó tó tẹ́jú, kí ẹ lọ ojú ọ̀pá àti etí títí àlùmíníọ́mù á fi yọ. Etí rẹ̀ á gún ju èyí téèpù lè ṣe lọ. A kì í fín kílíà lé ojú tó dán. Òkúta kan tó bá ta bà á, ìpẹtà á máa rìn lábẹ́ rẹ̀ bí ìlà aràn. Wáàsì (wax) lásán dára jù, lóṣooṣù fún ẹni tó ń gbé létí òkun.

Bó bá jẹ́ ọ̀dà ìyẹ̀fun (powder coating) ni ẹ fẹ́, ẹ sọ fún wọn pé kí ooru má kọjá 200°C, kí wọ́n sì kọ́kọ́ yan rímù lófìfo kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á kún fún ihò abẹ́rẹ́.

Táyà, afẹ́fẹ́ àti ìfúnmọ́

Ihò fáàfù rímù àtijọ́ lè jẹ́ 11.3 mm tàbí bíi 15.7 mm, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra fáàfù. Ẹ fi ọwọ́ pa ibi tí táyà ń jókòó. Bí kò bá sí òkè róbótó kékeré tó ń dá táyà dúró, ẹ lo túùbù. Táyà tí kò ní túùbù lè yọ síbi kọ́nà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára táyà jẹ́ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2019. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta, wọ́n ti ṣe é ṣáájú 2000, bó ti wù kí tòkunbọ̀ náà dára lójú.

Táyà 165R15 ga tó nǹkan bíi 645 mm. 195/60R15 jẹ́ 615. Bó bá wà níwájú òsì, míítà á máa fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ka eré jù.

Ẹ sọ fún fọ́kánáísà kó má fún un ní afẹ́fẹ́ bó ṣe ń fún ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn: pẹ̀lú 165R15, nǹkan bíi 18 psi níwájú, 27 lẹ́yìn. Fífún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 35 máa jẹ́ kí iwájú máa fò, bíréèkì á sì máa yọ̀ lójú ọ̀nà tútù. Táyà tó tẹ́ jù, tó fẹ̀, lè fẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kó máa ju iwájú lọ.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ojú dúróòmù títí á fi dán. Ẹ fi gíríìsì bàbà pa á fẹ́lẹ́ kí àlùmíníọ́mù má baà lẹ̀ mọ́ irin, ṣùgbọ́n kó má kan ẹsẹẹsẹ bóòtù. Ẹ de bóòtù ní dábùú-dábùú, ìdajì agbára ní àkọ́kọ́, ẹ wá fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára ìfúnmọ́, parí rẹ̀. Fún M14, 120 sí 130 Nm ló yẹ, àfi bí ìwé rímù bá sọ òmíràn. Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fún bóòtù kò mọ ìwọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi parí iṣẹ́. Lẹ́yìn 50 sí 100 kìlómítà, nígbà tí rímù bá ti tutù, ẹ tún fún un.

Ó ku táyà àfidípò. Rímù irin ni yóò ṣì jẹ́, bóòtù àlọ́yì tàbí nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn gbọọrọ kò sì lè dì í mú. Ẹ di bóòtù mẹ́rin tó bá ọkọ̀ wá sínú àpò kan, kí ẹ so ó mọ́ ọn níwájú. Bí ẹ bá ti yí padà sí sítọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó bá ìjókòó rímù irin yẹn mu ni kó wà nínú àpò náà. Ẹ fi ẹfun dán wọn wò bákan náà. Ẹ sì fún táyà ọ̀hún ní 42 psi, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń ti omi ìfọ̀gíláàsì jáde lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá.